Ìkànnì Tó Ní Kọ̀ǹpútà Mi Kò Kúnjú Òṣùwọ̀n

Ọjọ́ tí ìkànnì kan kọ́kọ́ sọ fún mi pé mi ò kúnjú òṣùwọ̀n, díẹ̀ ló kù kí n gbà á gbọ́. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́, lẹ́tà pupa gàdàgbà láàárín ojú kọ̀ǹpútà, pé poste mi kò bá ìkànnì náà mu. Lédè Faransé, poste ni ipò iṣẹ́ tí wọ́n fi èèyàn sí. Òun náà ni wọ́n tún ń pe kọ̀ǹpútà tí èèyàn jókòó tì. Èmi tí mò ń wá ipò ọ̀gá ilé ìwé, tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí gbogbo irun orí mi ṣì dúdú, ìtumọ̀ àkọ́kọ́ ló wá sí mi lọ́kàn. Inú bí mi.

Mo ní, "Ta ló sọ fún yín?" Mo sọ ọ́ sókè, bí ẹni pé èèyàn kan fara pamọ́ sínú ẹ̀rọ náà.

Ìyàwó mi tó ń ránṣọ lẹ́bàá fèrèsé gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì rẹ̀. "Ta lẹ ń bá jà?"

"Kò kàn ọ́," mo dá a lóhùn.

Tẹ́lẹ̀, olùkọ́ tó bá fẹ́ di ọ̀gá ilé ìwé lágbègbè wa a máa kó ìwé rẹ̀ sínú fáìlì, á gbé e lọ sí ọ́fíìsì ní Atakpamé, wọ́n á lu òǹtẹ̀ sí i, ó di ọjọ́ ìdánwò. Mi ò sọ pé ètò náà dára. Fáìlì a máa sọnù, èyí tí kò bá sì sọnù, eku á jẹ létí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí fáìlì kankan tó wò mí lójú rí, tó ní èmi kọ́ ni irú èèyàn tó yẹ kó ṣí òun. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, àwọn ọ̀gá ọ́fíìsì pinnu pé orí ìkànnì ni ohun gbogbo yóò ti máa wáyé: ìforúkọsílẹ̀, ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan, títí kan ìdánwò fúnra rẹ̀. Kí èèyàn tó forúkọ sílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣí ojú ewé kan tó ń yẹ kọ̀ǹpútà wò.

Ojú ewé ọ̀hún kì í ṣe iṣẹ́ míì ju pé kó wo kọ̀ǹpútà èèyàn látòkè délẹ̀, bí àwọn obìnrin kan ṣe máa ń wo aṣọ ẹlòmíràn lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ń wò ó bóyá ètò tí èèyàn fi ń ṣí íńtánẹ́ẹ̀tì jẹ́ èyí tí òun mọ̀. Ó ń wò ó bóyá ojú kọ̀ǹpútà náà fẹ̀ tó, bóyá ohùn ń jáde nínú rẹ̀, bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì yá. Òbírípo kékeré kan á máa yí bírí bírí, á máa yí, èèyàn á máa wò ó bí aláìsàn tó ń retí ẹnu dókítà. Lẹ́yìn náà ni àmì á yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, àwọ̀ ewé fún èyí tó dára, àgbélébùú pupa fún èyí tí kò dára. Tèmi pupa, àfi ìlà ohùn nìkan. Ó jọ pé wọ́n gbà pé etí mi dára tó láti gbọ́ àṣẹ.

Kí n má purọ́, kọ̀ǹpútà náà kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi yangàn. Àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Lomé, olú ìlú wa, ló fún mi nígbà tó ra tuntun. Bátìrì rẹ̀ kò gba iná mọ́, bí a bá yọ wáyà lára iná, ó kú nìyẹn. Bọ́tìnì lẹ́tà E ti yọ kúrò, ìdérí bírò ni mo fi ń tẹ ihò rẹ̀. Ẹni tó bá ti gbìyànjú àtikọ lẹ́tà sí ìjọba lédè Faransé láìlo E yóò mọ irú sùúrù tí mo ní. Síbẹ̀, mo ti fi kọ ìbéèrè ìdánwò ọdún mélòó kan fún gbogbo ilé ìwé wa, kò sì sí ọmọ kan tó wá sọ fún mi pé kò bá òun mu.

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, tí a kì í wọ kíláàsì, mo gbé ẹ̀rọ náà sínú àpò, mo gun ọ̀kadà, ó di ilé kọ̀ǹpútà kan nínú ìlú. Ọkùnrin tó ni ibẹ̀ wọ kóòtù nínú ooru. Kò gbé ojú sókè nígbà tí mo kí i. Ó na ọwọ́ ni, mo sì gbé ẹ̀rọ náà lé e lọ́wọ́ bí ọmọ ilé ìwé tó mú ìwé wá fún olùkọ́ láti máàkì.

"Mẹ́tìrì," ó ní, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe àwa olùkọ́ lọ́dọ̀ wa, "ta ló ta èyí fún yín?"

"Àbúrò mi ló fún mi."

"Ẹ bá mi kí i o. Ẹ sọ fún un pé òkú ló fi ránṣẹ́ sí yín."

Àwọn tó jókòó síbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ohun tí mo kórìíra jù nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Ó fi ètò tuntun sí i láti máa fi ṣí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó ní gbogbo wàhálà náà ti parí. Ó ṣí ojú ewé àyẹ̀wò. Òbírípo yí títí. Pupa. Ó tún fi òmíràn sí i. Pupa. Ó ní kí n fi òkú náà sílẹ̀ ná, kí n wá jókòó sídìí ọ̀kan nínú tòun, pé tuntun ni gbogbo wọn. Ó ṣí ojú ewé náà lórí èyí àkọ́kọ́, ó ṣí i lórí ìkejì, ó ṣí i lórí ìkẹta, àgbélébùú pupa ń tò tẹ̀lé ara wọn. Níkẹyìn ó lọ sídìí tirẹ̀ gan-an, èyí tí ó fi aṣọ funfun bò, tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Ohùn nìkan ni òun náà fi yege.

Ó fa aṣọ funfun náà bò ó padà. Ó wá ní, "Ìkànnì náà ni kò dára lónìí."

Tèmi ni òkú. Nígbà tó kan tirẹ̀, ìkànnì ni kò dára. Mo gbé ẹ̀rọ mi, mo bọ́ síta, mo sì ń sọ gbogbo ohun tó yẹ kí n ti sọ lójú rẹ̀ fún ara mi lójú ọ̀nà títí mo fi délé.

Ìyàwó mi béèrè bó ṣe lọ. Mo sọ ti ọlọ́kóòtù náà fún un, a sì jọ fi í ṣẹ̀sín dáadáa. Lẹ́yìn náà ló ní kí n jẹ́ kí òun wo ojú ewé ọ̀hún.

Mo ní, "Kí lo fẹ́ rí níbẹ̀?" Ó mú sísọ́ọ̀sì rẹ̀, ó padà sídìí iṣẹ́.

Ó yẹ kí n sọ èyí nípa rẹ̀. Ìwé karùn-ún ló kà kí bàbá rẹ̀ tó mú un kúrò nílé ìwé lọ sóko. Bó bá ń ka Faransé, á fi ìka tọ ìlà, ètè rẹ̀ á sì máa mì. Láàárọ̀ Ọjọ́ Àìkú, bó bá ń ka ìwé ìkéde tí wọ́n ń pín ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo máa ń wo ibòmíràn kí àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi má bàa rò pé a jọ wá. Mi ò sọ ọ́ fún un rí. Mo gbà pé ó mọ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá mi, mo lọ sí ọ́fíìsì. Àwọn olùkọ́ ti tò sí kọ́rídọ̀ kí n tó dé. Àwọn kan wá láti Anié, àwọn kan láti Elavagnon, oníkálukú gbé kọ̀ǹpútà tirẹ̀ mọ́ra bí ìyá tó gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọkùnrin kan tó dàgbà jù mí lọ díẹ̀ wà níwájú mi, Moretan ló ti wá. Inú àpò ìrọ̀rí ló gbé tirẹ̀ sí. Erùpẹ̀ ọ̀nà ti sọ bàtà rẹ̀ di pupa. Nígbà tó gbọ́ tí mo kí ẹnìkan ní èdè Ifẹ̀ tí àwa ọmọ agbègbè Atakpamé ń sọ, ó yíjú sí mi, èdè wa la sì fi bá ara wa sọ̀rọ̀ láti ibẹ̀ lọ.

"Ẹ̀ẹ̀kẹta mi rèé," ó ní. "Ìgbàkígbà tí mo bá wá, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ: pé kí n lọ yẹ ẹ̀rọ wò. Mo sì ń yẹ̀ ẹ́ wò."

"Kí ló ń sọ fún yín?"

"Pé mi ò yẹ." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó sì lè jẹ́ òótọ́. Mo ti dàgbà."

Mo sọ fún un pé ìsọkúsọ ni. Mo sọ ti ọlọ́kóòtù fún un, ó rẹ́rìn-ín dénú. A gba nọ́ńbà ara wa. A ṣe àdéhùn pé ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ọ̀nà yóò pe ẹnì kejì.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà jókòó nínú yàrá tó tutù bí yàrá tí wọ́n ń kó ẹja sí. Òórùn lọ́fínńdà rẹ̀ ti dé kọ́rídọ̀ kí a tó rí i. Faransé nìkan ló ń sọ, bẹ́ẹ̀ ẹnu ọ̀nà ilé ìyá rẹ̀ kò jìnnà sí tiwa, mo sì mọ̀ pé èdè Ifẹ̀ ni ìyá náà fi tọ́ ọ. Kò ní kí n jókòó.

"Ṣé ẹ ti ṣe àyẹ̀wò?"

"Mo ti ṣe é. Ó ní kò dára."

"Nígbà náà, ẹ lọ wá èyí tó dára." Ó na ìwé kan sí mi. Mo fojú sáré kà á lórí ìdúró. Ọ̀rọ̀ ojú ewé náà gan-an ni wọ́n tẹ̀ sórí ìwé, láìyọ ohunkóhun, láìfi ohunkóhun kún un.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣí i lórí tiyín, kí n rí bí èyí tó dára ṣe rí."

"Ẹ̀rọ ìjọba lèyí."

"Mi ò ní fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ ṣí i."

"Mi ò ráyè."

"Àbí ẹ̀rù ń bà yín ni?"

Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, gbogbo kọ́rídọ̀ ló ń gbọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wò mí, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó sì ṣí ojú ewé náà pẹ̀lú ìkánjú ẹni tó fẹ́ fi nǹkan han aláìmọ̀kan. Òbírípo yí. Mo ti rọra yí sẹ́yìn tábìlì, ọkùnrin Moretan sì ti yọ orí wọlé. Pupa kan. Pupa kejì. Nígbà tí ìkẹta yọ, ó na àtẹ́lẹwọ́ bo ojú kọ̀ǹpútà, bí ẹni tí aṣọ tú mọ́ lára láàárín ọjà.

"Kọ̀ǹpútà yìí kì í ṣe ti ìdánwò," ó ní. "Ti iṣẹ́ ni."

"Iṣẹ́ wo?" ni mo bi í.

Ó ní kí n jáde. A jáde, gbogbo wa, ẹ̀rín ń pa wá. A rín in dé ojú títì. Ẹnìkan ń ṣe bó ṣe na ọwọ́ bo ojú ẹ̀rọ, a tún bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni oníkálukú wá ọ̀kadà tirẹ̀, tí a sì túká. Kò sẹ́ni tó forúkọ sílẹ̀ nínú wa lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rín la gbé lọ sílé.

Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi ń sọ ìtàn yẹn fún ẹnikẹ́ni tó bá yà sọ́dọ̀ mi. Ojoojúmọ́ ni mò ń ṣí ojú ewé ọ̀hún kí n lè bú u. Lọ́sàn-án Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé tí a sì ti jẹun, mo tún jókòó tì í, mò ń sọ̀rọ̀ burúkú sí àgbélébùú pupa. Ìyàwó mi nu ọwọ́, ó fa àga, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Lọ́tẹ̀ yìí kò tọrọ àyè.

Ó fi ìka sí ìlà àkọ́kọ́, ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Mo mí kanlẹ̀ kí ó lè gbọ́ ọ. Ó ka ìlà kejì, ó ka ìkẹta. Nígbà tó dé àgbélébùú tó gbẹ̀yìn, ó ní, "Kí ló wà nísàlẹ̀ ibí?"

"Kò sí nǹkan kan."

"Ṣé ẹ ti débẹ̀?"

Ó fi ìka fa ojú ewé náà sókè. Àyè funfun kan wà lábẹ́ àgbélébùú, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, èèyàn á rò pé ó ti tán níbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni lẹ́tà kéékèèké aláwọ̀ eérú wà. Ó kà á sókè, ègé lẹ́yìn ègé, bí ìgbà tí ọmọ kíláàsì kejì ń kàwé: pé ìmọ̀ràn lásán ni àyẹ̀wò yìí, pé ohunkóhun tó wù kó sọ, èèyàn lè máa bá ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ. Lábẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n fa ìlà sí nídìí: Continuer. Ẹ máa lọ.

"Ṣé kí n tẹ̀ ẹ́?" ó ní.

Ó tẹ̀ ẹ́. Fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ ṣí pẹ̀lú gbogbo àyè rẹ̀, ibi orúkọ, ibi ilé ìwé, ibi ọjọ́ ìbí.

Ó yẹ kí n dúpẹ́. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Àwọn òmùgọ̀ yìí, kí ló dé tí wọ́n fi ń fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pamọ́?"

"Wọn ò fi pamọ́," ìyàwó mi wí. "Ẹ ò kà á tán ni." Ó dìde, ó lọ kó àwọn abọ́ tí a fi jẹun.

Mo forúkọ sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mò ń fi ìdérí bírò tẹ gbogbo E. Nígbà tí mo parí, mo rántí ọkùnrin Moretan. Fóònù wà lọ́wọ́ mi. Mo rò ó pé kí ni mo fẹ́ wí fún un? Pé lẹ́yìn gbogbo ẹ̀fẹ̀ tí mo ṣe ní kọ́rídọ̀, ìyàwó mi tí kò ka ìwé kẹfà ló fi ìka kan wá ohun tí èmi kò rí? Mo ní màá pè é lọ́jọ́ Ajé. Lọ́jọ́ Ajé, mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì Moretan kì í dára láàárọ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, èrò mìíràn yọjú, èyí tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rí: pé bí àwọn tó wọlé bá ṣe kéré tó ni yóò ṣe dára tó fún àwa tó wọlé. Lọ́jọ́ Ẹtì ni ìforúkọsílẹ̀ parí. Mo pè é ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta.

"Ẹ káàárọ̀ o," ó ní, inú rẹ̀ dùn sí ohùn mi. "Ṣé ẹ ti rí ọ̀nà?"

"Àná ló parí," mo ní. "Èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni."

"Háà. Kò burú. Ẹ ṣeun tí ẹ pè."

Nípa ẹ̀kọ́ tí wọ́n ní a ó kọ́ lórí ìkànnì náà, ìdajì rẹ̀ kò ṣí. Ìdajì yòókù jẹ́ fídíò obìnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ láti Lomé, tí àwòrán rẹ̀ máa ń gan pẹ̀lú ẹnu ní yíyà sílẹ̀, tí a ó máa wo ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ títí iná á fi lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, ìkànnì náà wó lulẹ̀ pátápátá. Wọ́n tẹ gbogbo wa láago pé kí a máa bọ̀ ní ilé ìwé gíga kan ní Atakpamé, kí a mú bírò dání. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n pín bébà. Ta ló ń pín in? Ọlọ́fínńdà. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó gbé tèmi kalẹ̀ láìwò mí. Mo wo ìsàlẹ̀ ojú ewé tó gbẹ̀yìn kí n tó kọ ohunkóhun.

Mo yege. Wọ́n fi mí ṣe ọ̀gá ilé ìwé ní abúlé kan tó yà kúrò lójú ọ̀nà Elavagnon. Kò síná níbẹ̀. Ilé ẹni tó ń lọ àgbàdo ni mo ti ń gba iná sí fóònù mi, èmi pẹ̀lú àwọn tó wá lọ àgbàdo a jọ ń tò. Wọ́n ti kọ̀wé sí mi pé orí ìkànnì ni kí n máa fi ìròyìn oṣooṣù ránṣẹ́ sí. Mò ń kọ ọ́ sórí bébà, mò ń fi rán awakọ̀ sí ọ́fíìsì, wọ́n sì ń gbà á láìsọ̀rọ̀.

Lásìkò iṣu tuntun tó kọjá, mo pàdé ọkùnrin Moretan lọ́jà Elavagnon. Ó wá ra iṣu, ó ń dì í mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà rẹ̀. Ó kọ́kọ́ rí mi.

"Ọ̀gá," ó ní, ó sì bọ̀ mí lọ́wọ́ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. "Mo gbọ́ o. Ẹ kú oríire." Ó bi mí léèrè ilé ìwé, ó bi mí léèrè ìyàwó. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ṣe sí ẹ̀rọ tiyín tó fi gbà?"

"Kò gbà," mo ní. "Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ká máa lọ bẹ́ẹ̀."

"Nísàlẹ̀ ojú ewé yẹn náà?"

"Nísàlẹ̀ pátápátá. Ìyàwó mi ló rí i."

Ó mi orí, ó rẹ́rìn-ín sí ara rẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ mo wo nǹkan yẹn tó ìgbà ogún." Ó wá gbé ojú sókè. "Ìgbà wo ló rí i?"

Mo lè tún purọ́. Irọ́ náà ti wà nílẹ̀, mo kàn fẹ́ tún un sọ ni.

"Ọjọ́ Àìkú," mo ní. "Ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú Ọjọ́ Ẹtì yẹn."

Kò sí ìbínú lójú rẹ̀, ì bá sì rọrùn fún mi ká ní ó wà. Bó ṣe wò mí ni mo ṣe wo ọlọ́kóòtù, ni mo ṣe wo ọlọ́fínńdà, ìwò ẹni tó ti mọ irú ẹni tó dúró níwájú òun, tí kò sì fẹ́ mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ló yípadà sídìí iṣu rẹ̀. Okùn tó fi ń dì í kò tíì le. Mo bá a di ẹ̀gbẹ́ kan mú, òun fa ìkejì, a so ó. Kò ní kí n má ṣe é, kò sì dúpẹ́. Ó gun ọ̀kadà rẹ̀, ó kọrí sọ́nà Moretan.